Bí a ṣe ń pín dísìkì kí Linux tó wọlé

Linux jẹ́ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows. Kó tó wọlé, ẹ ní láti pín dísìkì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí. Púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Adó-Èkìtì máa ń ní SSD 256GB tàbí hard disk 500GB. Bí 500GB yín bá di 465 lójú Windows, ẹ má pe olè lé ẹni tó tà á fún yín lórí: ilé iṣẹ́ tó ṣe é ń fi 1,000 kà, Windows ń fi 1,024 kà.

Ẹ kọ́kọ́ kó fọ́tò àti ìwé yín sórí dísìkì mìíràn, kí ẹ ṣí fáìlì mélòó kan níbẹ̀ wò, kí ẹ sì yọ dísìkì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, òun gan-an lẹ lè ṣèèṣì pa rẹ́.

Bí Windows ò bá ní kúrò, inú Windows ni kí ẹ ti dín ìpín rẹ̀ kù: Disk Management, lẹ́yìn náà Shrink Volume. Bó bá ń ṣahun, tó jẹ́ pé àyè díẹ̀ ló gbà láti yọ̀ǹda, fáìlì hibernation àti pagefile, tí Windows fi ń kó ohun tó wà nínú RAM sórí dísìkì, ló sábà máa ń dí i lọ́nà. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ tẹ `powercfg /h off`. Èyí á pa Fast Startup (ohun tó ń mú kí Windows tètè dìde) náà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí Fast Startup kì í jẹ́ kí Windows ti dísìkì dáadáa, Linux ò sì ní lè kọ nǹkan sí i. BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa kí ẹlòmíràn má bàa kà á, ńkọ́? Ẹ kọ recovery key (nọ́ńbà tí ẹ ó fi ṣí i) onídíjíìtì 48 rẹ̀ sínú ìwé kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Iná kì í dágbére kó tó lọ ní Èkìtì. Bí iná bá lọ níbi tí ẹ ti ń dín dísìkì kù, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lè bàjẹ́. Bátìrì láptọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ kún. Désíkítọ́ọ̀pù tí kò ní UPS, ẹ dúró de ìgbà tí ẹ bá rí jẹnẹrétọ̀ tó ṣeé gbọ́kàn lé.

Nínú ètò ìfisórí Linux Mint (irú Linux kan), ẹ yan "Something else". "Erase disk" ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ni. Fún SSD 256GB tí Windows ti kúrò lórí rẹ̀: EFI (ìpín kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń dìde) 512MB, `/` (ibi tí Linux fúnra rẹ̀ ń gbé) 50GB lórí ext4 (ọ̀nà tí Linux ń gbà to fáìlì), ìyókù fún `/home` (ibi tí fáìlì yín ń gbé), òun náà lórí ext4. Bí Windows bá ṣì wà, ẹ lo EFI tó ti ṣe, ẹ má sì format rẹ̀ (pa ohun inú rẹ̀ rẹ́) láé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Windows ò ní dìde mọ́.

Lóòótọ́, Mint lè wọ 20GB, ṣùgbọ́n Flatpak (ọ̀nà kan tí a ń gbà fi ètò sórí Linux), kernel (ọkàn Linux) àtijọ́ àti Timeshift (tó ń ṣe ẹ̀dà Linux pamọ́) á tètè jẹ ẹ́ tán, bí `/` bá sì kún, kọ̀ǹpútà lè má jẹ́ kí ẹ wọlé. `/home` tó dá wà ló dáa jù lọ nínú gbogbo ìpín yìí: lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tún Linux fi, `/` nìkan lẹ máa format, fáìlì yín á wà níbi tó wà.

Fún swap (àyè lórí dísìkì tó ń ran RAM lọ́wọ́), fáìlì 4GB tó fún RAM 4GB. Ó ṣeé fẹ̀ sí i tó bá yá. Ẹni tó bá fẹ́ hibernate (kí kọ̀ǹpútà kú, kó sì rántí ibi tó bá iṣẹ́ dé), kí swap rẹ̀ má kéré sí RAM.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ `lsblk -f` àti `df -h` láti wo bó ṣe rí. Ext4 máa ń pa ìdá 5 nínú 100 mọ́ fún root (aláṣẹ àgbà nínú Linux), èyí tó tó 9GB lórí `/home` ti SSD 256GB yìí. `sudo tune2fs -m 1`, pẹ̀lú orúkọ ìpín `/home` tí `lsblk` fi hàn, á dá púpọ̀ rẹ̀ padà. Ẹ má ṣe é fún `/`.