Òjò Ń Rọ̀, Aṣọ Ẹbí Wà Nílẹ̀: Eré Tí Mo Fi Ń Mú Àwọn Ọmọ Jókòó Nínú Ilé

Télọ̀ ni mí, ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé, pálọ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù mi. Màṣíìnì wà lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ wà láàárín, ibi tó ṣẹ́kù kò ju ẹní kan lọ. Orí ẹní yẹn ni Táíwò àti Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún márùn-ún, àti Ìdòwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì, ti máa ń lo oṣù kẹjọ, nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi gígùn, tí òjò kò sì jẹ́ kí ọmọdé yọjú síta.

Tẹ́lẹ̀, fóònù ni mo máa ń gbé fún wọn. Ilé á dákẹ́ rọ́rọ́, màá rán ọrùn aṣọ méjì kí n tó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n fóònù kan, ọmọ mẹ́ta, ìjà ni. Kí bátìrì wá kú, kí iná má sí, ìjà á di ẹkún. Lọ́jọ́ kan tí màmá ìyàwó kan ń bọ̀ wá gba aṣọ ẹbí nírọ̀lẹ́, ẹkún yẹn pọ̀ débi pé mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí màṣíìnì, mo lọ bá wọn jókòó sórí ẹní. N kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ níbẹ̀. Nígbà tí mo dìde, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ti lọ.

Orí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé. Bí ẹ bá kàn ju nǹkan ìṣeré sọ́mọ, á padà tọ̀ yín wá kí ẹ tó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ẹ jókòó, ẹ bá a bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó borí yín lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá yọ́ dìde.

Ilẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ní tèmi, abẹ́rẹ́ àti píìnì ni ọ̀tá. Mo ní òòfà kan, èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Mo so ó mọ́ okùn, mo máa ń wọ́ ọ káàkiri ẹní láràárọ̀, kì í sì í ṣàì mú píìnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ rán aṣọ, ẹ wá owó wẹ́wẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ àti bátìrì róbótó inú rìmóòtù. Bátìrì yẹn ló burú jù: bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbà lójú ẹsẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, páálí róbótó tó máa ń ṣẹ́kù nínú tíṣù ni mo fi ń dán nǹkan wò. Ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, ó lè há ọmọ lọ́fun, Ìdòwú kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àyàfi tí ojú mi bá wà lára rẹ̀.

Ayò la fi bẹ̀rẹ̀. N kò ní ọpọ́n, ṣùgbọ́n kíréètì ẹyin wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kíréètì kan ní ojú 30, mẹ́fà ní gígùn, márùn-ún ní ìbú. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ìlà méjì tó ní ojú mẹ́fà-mẹ́fà, ọpọ́n ayò ti jáde nìyẹn, ojú 12 géérégé. Kíréètì kan á fún yín ní ọpọ́n méjì, ojú mẹ́fà á sì ṣẹ́kù. Ìdòwú ló ni ìyẹn, ìdérí ike omi ló máa ń kó sínú rẹ̀ lójú mi, tó máa ń dà jáde, òun náà ń ta ayò nìyẹn. Kíréètì tí ìgbẹ́ adìẹ bá ti kàn, ẹ jù ú nù, ẹ má nù ún.

Ọmọ ayò gidi wà lọ́jà, àmọ́ bọ́tìnì ni mo ní, bọ́tìnì la sì ń lò. Mẹ́rin-mẹ́rin sójú kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ojú mẹ́fà tó wà níwájú ẹni ni ilé ẹni. Ẹ ó kó gbogbo ohun tó wà nínú ojú kan, ẹ ó máa jù ú síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó gba ọwọ́ ọ̀tún lọ, ẹ ó yí wọ ilé ẹnì kejì. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé rẹ̀, tí ohun tó wà nínú ojú yẹn wá di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ kó o jẹ.

Ẹ má kọ́ ọmọ ọdún márùn-ún ní gbogbo èyí lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ kìíní, kíkó àti jíjù nìkan, kó máa ka iye tó ń jù sókè. Ọjọ́ kejì, ẹ fi jíjẹ kún un, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé méjì nìkan ni wọ́n lè jẹ. Mẹ́ta á tẹ̀ lé e nígbà tí ìyẹn bá ti wọ̀ wọ́n lára. Kẹ́hìndé máa ń ju bọ́tìnì méjì pọ̀ sójú kan bó bá ti rí i pé ibi tí òun fẹ́ dé jìnnà. N kò bá a jà. Mo kàn ní kí ó máa kà á sókè, kí gbogbo wa gbọ́, ohùn rẹ̀ ló ń tú u fó.

Àwọn àgbà máa ń pe ẹni tó mọ ayò ta ní ọ̀ta, wọ́n á pe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ní ọ̀pẹ. Nígbà tí Kẹ́hìndé pe Táíwò ní ọ̀pẹ, ẹkún tí ọmọ yẹn sun, gbogbo ilé ló gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni ọ̀pẹ ilé wa, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Bọ́tìnì yìí náà ni mo fi kọ́ wọn ní òǹkà. Wọ́n ń ka dé ogún bí orin, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìdí tí a fi ń pe nǹkan ní mẹ́rìndínlógún, wọ́n á máa wò yín. Mo to bọ́tìnì ogún sórí ẹní, mo ní kí Táíwò yọ mẹ́rin kúrò. Mẹ́rin ti dín nínú ogún. Ó wò ó títí, ó tún yọ ọ̀kan sí i láìjẹ́ pé mo sọ fún un, ó ní, “Márùn-ún ti dín! Márùndínlógún!” Ẹnu ni mo fi ń ka nǹkan wọ̀nyí láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú rí i. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, ẹ máa fi kún ẹ̀wá. Láti márùndínlógún, ẹ máa yọ nínú ogún. Tí wọ́n bá bèèrè bí àádọ́ta ṣe jẹ́ ọgọ́ta tí ẹ̀wá dín nínú rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀wà ló tẹ̀ lé ayò, nítorí pé iṣẹ́ ilé wà nínú rẹ̀, a kì í sì í ra nǹkan kan kún un. Àlọ́ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀: òrúkú tindí-tindí, òrúkú tindì-tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Nígbà tí wọ́n bá ti pariwo pé ẹ̀wà ni, màá da kóńgò kan sínú àtẹ, màá ní kí wọ́n wá èyí tí kò lé tìróò. Bí wọ́n ṣe ń ṣa òkúta àti pàǹtí kúrò nìyẹn, tí wọ́n rò pé eré ni. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mọ́ínmọ́ín, ẹ rẹ ẹ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n fọwọ́ méjèèjì bó o nínú abọ́ omi. Èèpo á léfòó, ẹ̀wà á rì sísàlẹ̀, wọ́n á máa fi asẹ́ gbọ́n èèpo kúrò. Ọmọ ọdún méjì mọ èyí ṣe dáadáa. Ibi abọ́ omi yìí nìkan ni n kò ti ń yọ́ dìde o; bó ti wù kí omi kéré tó, ẹ má fi ọmọdé sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀wà gbígbẹ ló kó mi sí wàhálà. Ìdòwú ki ẹyọ kan bọ imú. Mo fẹ́ fi ìka yọ ọ́, ó tún wọlé sí i. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ ọ́ kí n tó mí, ó ní kí n dúpẹ́ pé n kò da omi sí i, torí pé ẹ̀wà tó bá mu omi á wú, á há. Nítorí náà, ẹ má fi ìka tọ́ ọ, ẹ má da omi sí i. Bí ọmọ bá ti mọ imú fọn, ẹ di ihò kejì kó fọn ọ́n. Bí kò bá mọ̀ ọ́n fọn, ẹ gbé e lọ. Ìyá ọkọ mi bá mi wí fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀wà gbígbẹ ti di ti àwọn ìbejì, Ìdòwú ń dúró de èyí tó bá ti bọ́ sómi.

Mẹ́ta mẹ́rin nínú rẹ̀, a máa ń tẹ́ òwú tútù sínú ife tó mọ́ gaara, a ó fi wọ́n sáàárín òwú àti ara ife, kí ojú lè rí wọn. Òwú á tutù, kò gbọdọ̀ wà nínú omi. Bí ọjọ́ kẹta, gbòǹgbò á ti yọ. Ti àkọ́kọ́ kò hù rárá, nítorí pé kòkòrò ti lu ihò sí ẹ̀wà náà. Èyí tí kò ní ihò ni kí ẹ mú. Orúkọ ara wọn ni wọ́n kọ sára ife, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń jà lórí tẹni tó ga jù.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti zobo. Ẹ se ẹ̀kúnwọ́ òdòdó ìṣápá pupa, kó tutù, ẹ pín in sínú ife funfun mẹ́ta. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ìkejì, á pọ́n sí i. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kán omi káún díẹ̀díẹ̀ sí ìkẹta, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan káún: pupa yẹn á sá lọ, á di aró, á máa lọ sí àwọ̀ ewé. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ariwo á ti ta. Ẹ wá ní kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ìyẹn náà, á hó yàà, pupa á padà dé. Kíkan ló ń mú ìṣápá pọ́n, káún sì ń pa kíkan, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu èyí tí káún wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì ṣe é nítòsí léèsì funfun. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé kí a fi fúláwà àti iyọ̀ pò nǹkan mímọ fún ọmọdé. N kò fara mọ́ ọn. Fúláwà wọ́n, iyọ̀ inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ó lè ṣe ọmọ tó bá gé e jẹ ní jàǹbá. Ẹ̀bà àná tó ti le ni mo ń fún wọn. Wọ́n fi ń mọ mọ́tò, wọ́n fi ń mọ ìjàpá. Ìyá ọkọ mi ní a kì í fi oúnjẹ ṣeré, ó tọ̀nà, nítorí náà ọjọ́ tí wọn kò bá sí nílé la ń ṣe é.

Òòfà sípíkà yẹn náà ń di ìwọ̀. Ẹ gé ẹja nínú páálí, ẹ ki kílíìpù ìwé kan mọ́ ẹnu ẹja kọ̀ọ̀kan, ẹ dà wọ́n sínú agbọ̀n, kí wọ́n fi okùn ju òòfà sí i. Ẹja tí wọ́n bá pa, kí wọ́n tà á fún yín, kí ẹ sì ná an dáadáa.

Nígbà tí ojú ọjọ́ bá wá ṣú, tí kò sí iná, àlọ́ ló kù. A kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n òjò Ìbàdàn máa ń sọ ọ̀sán dòru, mo sì gbà pé ó dọ́gba. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri: àtàǹpàkò méjì tó kọ́ ara wọn, tí ìka yòókù ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹyẹ ni, ẹ̀ṣẹ́ tí àtàǹpàkò ń yọjú níwájú rẹ̀, ìjàpá ni. Bí mo bá ti ní “Ààlọ́ o!”, tí wọ́n ní “Ààlọ̀!”, màá ní, gbogbo ilé sùn, Káńbó kò sùn. Imú ni. Ìdòwú ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn, ẹ kò ní ṣàì mọ ìdí.

Lẹ́yìn méjì mẹ́ta, ẹ ní kí àwọn náà pa tiwọn. Ti Kẹ́hìndé rèé: eyín rẹ̀ kan ṣoṣo, ó ń jẹ aṣọ láràárọ̀, kò yó. Mo ronú títí. Màṣíìnì mi ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, màmá ìyàwó mìíràn wọlé, òjò ti rẹ gèlè rẹ̀. “Ìyá Ìbejì, aṣọ mi dà?” Mo ní, “Ẹ jókòó díẹ̀, mà, etí aṣọ mẹ́ta ló kù tí mo fẹ́ ká.” Kò sí àga tí aṣọ kò sí lórí rẹ̀. Ó bá jókòó sórí ẹní, Táíwò sì ti bọ́tìnì síwájú rẹ̀. Nígbà tí mo ká etí aṣọ kẹta tán, tí mo kó gbogbo wọn sínú láílọ́ọ̀nù, òjò ti dá. Mo ní, “Màmá, ó ti parí o.” Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Dúró ná, Ìyá Ìbejì. Ó ku ojú kan kí n kó o jẹ.”