Bí a ṣe gbé ẹgbẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbà ró ní Òjé, títí tí mo fi fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́

Ẹgbẹ́ kékeré kan ni mo darí ní agbègbè Òjé ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí á máa bójú tó àwọn bàbá àti ìyá àgbà tí àwọn ọmọ wọn ti lọ sí Èkó tàbí òkè òkun, tàbí tí wọn kò ní ẹni tó ń wo ẹ̀yìn wọn mọ́, kí á rí i pé wọ́n rí oúnjẹ jẹ, pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò tán, àti pé ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn wọn déédéé láti béèrè bí ara ṣe le sí. Nísinsìnyí tí mo ti gbé ipò alága sílẹ̀, mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ṣe é, nítorí pé àwọn ènìyàn láti àdúgbò mìíràn ń béèrè lọ́wọ́ mi, ibi tí a ti ń rí owó ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀. Owó àdúgbò ni. Ohun tó jẹ́ kí àdúgbò máa dá a lọ láìdáwọ́ dúró ni pé a ń ka ìṣirò rẹ̀ sí etí gbogbo àwọn tó dá a, láìfi nǹkan kan pamọ́.

Kí á tó gba kọ́bọ̀ kan, ọ̀dọ̀ àwọn mọgàjí, àwọn olórí agboolé, ni a kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn àtijọ́ mọ̀ pé agboolé-agboolé ni àwọn àdúgbò wọ̀nyí, láti Òjé dé Bẹẹrẹ dé Màpó, agboolé kọ̀ọ̀kan ló sì ní mọgàjí tirẹ̀, tó mọ ẹni tó ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́, àti ẹni tó ń fi ẹ̀rín bo ebi mọ́lẹ̀. A kò tọrọ owó lọ́wọ́ wọn. Ohun tí a tọrọ ni pé kí wọ́n fi ẹni tí ìṣòro rẹ̀ pọ̀ jù hàn wá, nítorí pé àgbàlagbà kò ní sọ fún ẹni tí kò mọ̀ pé òun kò tíì jẹun láti àárọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ tiwa tán, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má tíì gbé oúnjẹ wá o. Ẹ kọ́kọ́ wá máa kí wọn ná.” A gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Fún ìgbà díẹ̀, ìkíni nìkan ni a ń ṣe: a óò kúnlẹ̀, a óò dọ̀bálẹ̀, a óò jókòó, a óò gbọ́ ìtàn, a óò sì máa bá tiwa lọ.

Ìmọ̀ràn yẹn ló jẹ́ kí á mọ bí ìtìjú ṣe lágbára tó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá kan wà tó ti ta aṣọ òkè títí ojú rẹ̀ kò fi ríran dáadáa mọ́. Nígbà tí a gbé ìrẹsì lọ fún wọn, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní, “Èmi náà ti bọ́ ènìyàn rí. Ẹ má sọ mí di alágbe lójú àwọn tí mo bọ́.” A kò bá wọn jiyàn. Nígbà tí ọjọ́ pípín oúnjẹ tún pé, a lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá wa di kóńgò mú, nítorí pé àwọn ọmọdé inú ẹgbẹ́ kò mọ òṣùwọ̀n, wọ́n sì gbà. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń bu gàrí sínú kóńgò, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ rọra fá ẹnu rẹ̀ títí tó fi tẹ́jú, lẹ́yìn náà wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e fún èènì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọ́n ń tajà. Wọ́n ń dá orúkọ ẹni tó kàn pè, wọ́n sì ń béèrè ìlera ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n wọn tiwọn náà, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀ sí i. Láti ìgbà náà ni a ti ń wá iṣẹ́ fún gbogbo ẹni tó bá lè ṣe nǹkan kan, ìbáà ṣe kí ó kàn máa rán wa létí ẹni tí a kò tíì rí.

Ní ti owó, àjọ ni a wò ṣe àwòkọ́ṣe, nítorí pé kò sí ìyálọ́jà tí kò mọ bí alájọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 16 síra wọn ni ọjà aṣọ òkè máa ń ná ní Òjé, àwọn ahunṣọ àti àwọn oníṣòwò máa ń ti ìlú mìíràn wá síbẹ̀, ọjọ́ náà sì ni owó máa ń wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. A tẹ káàdì fún ẹni tó bá fẹ́ dá owó. Ẹni méjì ni ó máa ń lọ gba owó pọ̀: ọ̀kan ń gba owó, èkejì ń kọ ọ́ sí káàdì onítọ̀hún àti sí ìwé ẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sí iye tí a bù lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọjà kò tà fún lè fo ọjọ́ náà, a kì í sì í bi í léèrè. Akápò ni ó ń tọ́jú ohun tó wọlé títí tó fi dé bánkì, ọwọ́ alága kò sì kan owó náà rárá. Èmi fúnra mi ni mo ní kí á kọ ìyẹn sínú ìwé òfin ẹgbẹ́, nítorí pé alága ni àdúgbò ń wò lójú, bí wọ́n bá sì fura sí i, iṣẹ́ gbogbo bàjẹ́ náà nìyẹn.

Lóṣooṣù ni a máa ń jókòó sí àárín agboolé kan láti ka ìwé owó. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ fi ọkàn sí apá yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ. Akọ̀wé máa ń dìde, á ka ohun tó wọlé, á ka ohun tó jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àti iye tó ṣẹ́kù, rìsíìtì yóò sì wà nínú àwo kí ẹni tó bá fẹ́ lè gbé e wò. Ẹnikẹ́ni ló lè béèrè ọ̀rọ̀, títí kan àwọn tó ń gba oúnjẹ. Nígbà kan, ìyá aláṣọ kan béèrè ìdí tí owó ọkọ̀ láti ọjà Bódìjà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Inú akápò kò dùn, ó rò pé wọ́n ń pe òun ní olè, ṣùgbọ́n a bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣàlàyé, ó sì ṣàlàyé. Ni ìyá náà bá ní àbúrò òun ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, àti pé bí a bá jẹ́ kí òun bá a sọ ọ́, owó náà yóò wálẹ̀. Owó náà wálẹ̀ lóòótọ́. Látìgbà yẹn ni akápò fúnra rẹ̀ ti máa ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kí ó tó jókòó.

Nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò tó wà lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ fi owó ránṣẹ́, a rí i pé kò bójú mu kí irú owó bẹ́ẹ̀ máa wọ àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo, a sì lọ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Apá F nínú CAMA, òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020, ló sọ bí a ṣe ń ṣe é. A kọ ìwé òfin ẹgbẹ́, a ṣe ìpàdé tí a ti yan àwọn alámòójútó, a sì kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé náà. Òfin kò gbà kí ọmọdé jẹ́ alámòójútó, tàbí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tó wọko gbèsè tí kò tíì bọ́ níbẹ̀, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà jìbìtì láàárín ọdún 5 tó ṣáájú. Lẹ́yìn èyí, a ní láti gbé ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì tí wọ́n ń kà ní agbègbè wa, tí ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Tribune ni a fi ṣe ọ̀kan, ìwé ìròyìn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní 1949, àwọn àgbà tí a ń tọ́jú sì dunnú gidigidi nígbà tí a ka orúkọ ẹgbẹ́ wọn jáde sí wọn létí. Ọjọ́ 28 ni òfin fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní àtakò. Kò sí ẹni tó ṣàtakò, a sì gba ìwé ẹ̀rí.

Ìwé ẹ̀rí CAC nìkan kò tó bánkì. Wọ́n tún béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka tó wà lábẹ́ EFCC tó ń dènà fífọ owó àìmọ́, a sì gba ìyẹn náà kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún wa, èyí tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí owó tó jáde níbẹ̀. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún ẹni tó bá bi mí ni pé òfin CAMA yẹn náà sọ pé owó àti dúkìá ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ lọ síbòmíràn ju àfojúsùn tí a kọ sílẹ̀ lọ. Kò sí pé a ń pín èrè láàárín ara wa ní ìparí ọdún. Àwọn kan tó wọlé nítorí ìrètí bẹ́ẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n gbọ́, ó sì dára kí ẹgbẹ́ kékeré mọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní kùtùkùtù.

Ní ti ìbẹ̀wò, ojúlé kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ń mójú tó o, orúkọ wọn sì wà lára ògiri. Kò sí ohun tó le níbẹ̀ ju kí ẹni tí kò bá ní lè lọ tètè sọ lọ.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni ó gba àròjinlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì bá wa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni tiwọn sì kọjá 140/90, ibi tí àwọn dókítà ti ń kà á sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn, nítorí náà bí ara bá ti yá díẹ̀, àgbàlagbà yóò ní òun ti gbádùn, yóò sì pa oògùn tì, títí tí rọpárọsẹ̀ yóò fi dé. Nọ́ọ̀sì náà kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ inú ilé láti máa ka hóró oògùn tó ṣẹ́kù ní alaalẹ́. Àwọn tí ọ̀ràn tiwọn le jù, a mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá UCH, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú tó wà fún àwọn àgbàlagbà nìkan ní 2012, a sì rí i pé ẹnì kan tẹ̀ lé wọn tí yóò gbọ́ ohun tí dókítà sọ, tí yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù ní 2023, oúnjẹ gbówó lórí, oògùn náà gbówó lórí, owó tí àwọn ọlọ́jà ń dá kò sì lè gbé méjèèjì mọ́. A jíròrò rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Èrò tèmi, tí mo sì dúró tì, ni pé kí á dín ìrẹsì kù kí oògùn má baà dín, nítorí pé ará ilé lè bu àmàlà fún àgbà tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n kò sí aládùúgbò tí yóò bu oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti inú ìkòkò rẹ̀. Àwọn kan bínú. Àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ kàn ló parí rẹ̀: bàbá kan ní kí wọ́n fún òun ní hóró oògùn òun, pé òun yóò wá ẹ̀kọ fúnra òun.

Olóṣèlú kan fẹ́ bá wa gbé ẹrù náà nígbà tí ìdìbò ń sún mọ́lé. Ó rán ìrẹsì wá, àwòrán ojú rẹ̀ sì wà lára gbogbo àpò. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbé e wá, a sì sọ fún wọn pé bí ó bá fẹ́ dá owó, kí ó wá gba káàdì bí àwọn yòókù, orúkọ rẹ̀ yóò wà nínú ìwé tí a ń kà lóṣooṣù. Wọ́n gbé ìrẹsì wọn padà. Ó dun àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan, mo sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí ebi wà nílùú. Síbẹ̀ àwọn ọlọ́jà tó ń dá owó kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, bí a bá sì gba àpò yẹn, ìdajì káàdì wa ìbá ti di ìwé lásán kí ìdìbò tó parí.

Ìwé òfin wa kò gbà kí alága ju sáà méjì lọ. Nígbà tí èkejì tèmi ń lọ sópin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí akọ̀wé máa darí ìpàdé nígbà tí mo bá wà níbẹ̀, kí ìpàdé má baà ṣàjèjì sí i nígbà tí n kò bá sí níbẹ̀ mọ́. A mú un lọ kí àwọn mọgàjí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kọ ìwé sí bánkì láti yí ìfọwọ́sí padà, mo sì fa ìwé owó, káàdì, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́, orúkọ oògùn àgbà kọ̀ọ̀kan àti gbogbo rìsíìtì lé e lọ́wọ́ níwájú ìpàdé, akápò sì ń ka ohun kọ̀ọ̀kan jáde bí mo ṣe ń gbé e sílẹ̀.

Akọ̀wé yẹn, tó di alága tuntun, ti yí nǹkan padà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ọjà Òjé gan-an ni wọ́n ń ka ìwé owó báyìí, láàárọ̀ kí ọjà tó gbóná, kí àwọn tó ń dá owó lè gbọ́ ohun tí wọ́n fi ti ìṣáájú ṣe kí wọ́n tó dá òmíràn. Mo máa ń lọ jókòó láàárín àwọn ọlọ́jà. Láàárín 30 oṣù Kẹfà sí 31 oṣù Kejìlá ni òfin ní kí ẹgbẹ́ bíi tiwa máa fi ìwé ìṣirò ọdún ránṣẹ́ sí CAC. Alága tuntun ti fi tirẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ lásìkò, ó sì ka ẹ̀dà rẹ̀ sí wa létí ní ọjà, láti ojú ìwé kìíní dé òpin.