Bí A Ṣe Ń Fi Oògùn Awọra Gba Kókò, Kòkó àti Ata Lọ́wọ́ Àrùn Òjò

Àmì ohùn nìkan ni ó ya kókò tí a ń fi se ẹ̀bẹ sọ́tọ̀ sí kòkó tí a ń sá sóòrùn, síbẹ̀ ìdílé ọ̀tá kan náà ni ó ń pa àwọn méjèèjì. Phytophthora ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé náà. Ẹ̀yà kan nínú rẹ̀ ń sọ èso kòkó di dúdú, ẹ̀yà mìíràn ń jó ewé kókò, ìbátan rẹ̀ tí ń jẹ́ Pythium sì ni ó sábà máa ń pa ata àti tòmátì nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ní gúúsù Kwara níbí, láti Ọ̀fà títí dé Òmù-Àrán, ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ lemọ́lemọ́, tí ewé kì í ráyè gbẹ kí òjò mìíràn tó dé, ni ọwọ́jà wọn máa ń le jù.

Kí àgbẹ̀ tó náwó sórí oògùn, ó yẹ kí ó mọ̀ pé àwọn ọ̀tá yìí kì í ṣe olú, bí wọ́n tilẹ̀ ń hu irun funfun bíi ti olú. Omi ni ilé wọn. Wọ́n máa ń tú ọmọ tí ó ní ìrù méjì méjì jáde, àwọn ọmọ náà a sì máa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lójú ewé tàbí láàárín erùpẹ̀, títí wọn yóò fi rí ibi tí wọn yóò gbà wọ inú ohun ọ̀gbìn. Nítorí pé ẹ̀dá ara wọn yàtọ̀ sí ti olú, ọ̀pọ̀ oògùn tí ń pa olú kò lè rí wọn gbé ṣe, carbendazim tí ó kún àwọn ṣọ́ọ̀bù wa sì jẹ́ ọ̀kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀. Èmi náà kò mọ̀ nígbà kan. Èèhù ata rodo mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ní ibi tí igi rẹ̀ ti kan ilẹ̀, ó rọ̀, ó dúdú, ó sì tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, bẹ́ẹ̀ ewé orí rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tí ó ta oògùn fún mi ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, mo sì da carbendazim sí i lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò ṣẹ́ kù ju ìwọ̀nba tí mo lè fi ọwọ́ kan gbé lọ sóko. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí pé oògùn tí ó yẹ wà lórí pẹpẹ kan náà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe wo orúkọ ńlá tí ó wà lójú páálí nìkan; ẹ wá orúkọ kékeré tí ó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Metalaxyl tàbí metalaxyl-M ni ó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Oògùn awọra ni: ó máa ń wọ ara igi, ó sì máa ń bá omi tí gbòǹgbò ń fà rìn lọ sókè, débi pé ewé tí kò tíì là nígbà tí a fín in lè rí ààbò díẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í padà sísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fín in sórí ewé kókò kò gbọdọ̀ retí pé yóò wo kókò tí ó ti ń rà nínú ilẹ̀. Fún èèhù, ẹ da á sí erùpẹ̀ ní ìwọ̀n tí páálí sọ, kí gbòǹgbò lè mu ún. Fosetyl-aluminium, oògùn awọra mìíràn, ní tirẹ̀ ń lọ sókè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀.

Àkókò fífín ṣe pàtàkì ju ìwọ̀n oògùn lọ, nítorí pé ẹ̀ṣọ́ ni oògùn yìí, kì í jí òkú ewé dìde. Lórí kókò, ẹ máa jáde sóko ní kùtùkùtù kí ìrì tó gbẹ, kí ẹ sì yí ewé wò. Àbàwọ́n roboto tí etí rẹ̀ rin bí ẹni pé omi gbígbóná ta sí i, tí òrùka funfun bí ìyẹ̀fun yí ká, tí omi pupa rẹ́súrẹ́sú bí oyin sì ń kán lára rẹ̀, kò ní àríyànjiyàn nínú. Ẹ gé ewé bẹ́ẹ̀ kúrò, ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fín èyí tí ó kù lọ́jọ́ náà. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé omi kì í dúró lórí ewé kókò. Bí ẹ kò bá po oògùn alẹ̀mọ́ra mọ́ ọn, ilẹ̀ ni yóò mu owó yín. Ẹ fín ojú ewé àti ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tí atẹ́gùn kò lágbára, tí ojú ọ̀run kò sì ṣú.

Ti kòkó rọrùn ní ṣíṣàlàyé. Ẹ kọ́kọ́ ká gbogbo èso tí ó ti dú kúrò lórí igi, ẹ rẹ́ ẹ̀ka tí ó dí oòrùn lójú, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fín èso gan-an, nítorí pé oògùn tí ó bá sí ewé kì í dé inú èso. Èyí tí ó ní metalaxyl-M pẹ̀lú bàbà (copper), sáṣẹ́ẹ̀tì gíráàmù 50 ni a ń pò mọ́ omi lítà 15, ìyẹn páńpù kan. Ẹ kọ́kọ́ po ìyẹ̀fun náà nínú ike pẹ̀lú omi díẹ̀ títí kò fi ní kókó mọ́, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ sínú páńpù tí omi ti dé ìdajì, kí ẹ wá fi omi tó kù kún un.

Ìdí tí wọ́n fi ń po bàbà tàbí oògùn mìíràn tí ń jẹ́ mancozeb mọ́ metalaxyl yẹ ní mímọ̀. Ní 1977 ni metalaxyl jáde. Nígbà tí yóò fi di 1980, àrùn tí ìdílé Phytophthora yìí kan náà ń dá sí ọ̀dùnkún òyìnbó (Irish potato) lára ní Ireland àti Netherlands ti mọ́ ọn lára, oògùn náà kò sì ran án mọ́. Lílo òun nìkan léraléra ni ó fà á. Ẹ má ṣe ra èyí tí ó dá wà fún fífín ewé, ẹ má sì lò ó ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní àkókò ọ̀gbìn kan. Láàárín wọn, ẹ lo bàbà nìkan, tàbí kí ẹ yí sí oògùn mìíràn bíi dimethomorph tàbí mandipropamid níbi tí páálí bá ti fàyè gbà á fún ohun tí ẹ gbìn. Mo rọ̀ yín pé kí ẹ kọ orúkọ oògùn àti ọjọ́ tí ẹ fín in sínú ìwé, nítorí pé ọkàn máa ń gbàgbé.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, bàtà gígùn àti ìbòmú, kí ẹ má sì jẹun títí ẹ ó fi fi ọṣẹ wẹ̀. Omi tí ẹ fi fọ páńpù kò gbọdọ̀ dé odò. Ẹ lu ike oògùn tí ó ti tán ní ihò kí ẹnikẹ́ni má bàa fi rọ epo. Iye ọjọ́ tí páálí ní kí a fi sílẹ̀ kí a tó kórè, ẹ kà á pé pérépéré kí ata yín tó dé ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin.