Bí ẹ ṣe máa ka orúkọ sáyẹ́ǹsì ekòló òkun, pàápàá àkámọ́ inú ẹ̀

Ẹ bá mi wo orúkọ yìí dáadáa ná: Alitta virens (M. Sars, 1835). Ekòló inú òkun ni o, aláwọ̀ ewé, irun gígan-gígan wà lára àwọn ẹsẹ̀ kéékèèké tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, inú iyanrìn àti ẹrẹ̀ etí òkun ló ń gbé. Àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja ní Britain ń pè é ní king ragworm, àwọn ará Maine l'Amẹ́ríkà ń pè é ní sandworm, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n jọ ń wà nílẹ̀ fi ṣe ìdẹ. Tó bá jẹ́ orúkọ àdúgbò nìkan la ní, ẹni méjì á máa sọ̀rọ̀ ekòló kan náà wọn ò ní mọ̀.

Alitta ni genus, ilé tó ti wá nìyẹn, lẹ́tà ńlá ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, virens, ni orúkọ species, ìyẹn irú ẹranko náà gan-an, lẹ́tà kékeré ni nígbà gbogbo, Látìn ni, àwọ̀ ewé yẹn ló ń sọ. Ẹ tẹ méjèèjì ní italics, ìyẹn lẹ́tà tó dagun. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè máa kọ A. virens lọ.

Sars ló kọ́kọ́ júwe ẹ̀ tó sì sọ ọ́ lórúkọ, ọdún tó tẹ̀ ẹ́ jáde sì ni 1835. Pásítọ̀ ni Michael Sars, etíkun Norway ló ti ń ṣiṣẹ́ ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ M yẹn kúrò o, torí ọmọ ẹ̀, G. O. Sars, náà di onímọ̀ ẹranko òkun tó sọ ẹranko tó pọ̀ lórúkọ, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, èwo nínú bàbá àtọmọ lẹ ń wí?

Ó wá kan àkámọ́, ìyẹn ( ) tó yí M. Sars, 1835 ká, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Lọ́dún 1835, Nereis virens ni Sars pè é, ìgbà tó di 1865 ni onímọ̀ ẹranko kan, Kinberg, dá genus Alitta sílẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó kó ekòló wa lọ síbẹ̀. Àkámọ́ ń sọ fún yín pé ẹni yìí ló sọ ọ́ lórúkọ lóòótọ́, àmọ́ ilé mìíràn ló wà nígbà yẹn. Bí obìnrin tó relé ọkọ ni, orúkọ ìdílé lè yí padà, àmọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níjọ́ kẹjọ ṣì ń jẹ́, àwọn tó sọ ọ́ náà ò yí padà.

Ẹ wá fi wé ekòló òkun mìíràn, Arenicola defodiens Cadman & Nelson-Smith, 1993. Kò sí àkámọ́, torí inú Arenicola náà ni wọ́n sọ ọ́ sí látìbẹ̀rẹ̀. Ìbátan ẹ̀ ńkọ́? Arenicola marina (Linnaeus, 1758) ni, Lumbricus marinus ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé marinus ti di marina? Nínú Látìn, akọ ni Lumbricus, abo ni Arenicola, orúkọ species tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe gbọ́dọ̀ bá genus mu. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn náà ń ṣe é.

Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àkọsílẹ̀ tẹ́nì kan ti fi àkámọ́ sí gbogbo orúkọ kó lè gún régé, torí ìtàn ekòló yẹn ló ń bà jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ lọ sórí World Register of Marine Species tí wọ́n ń pè ní WoRMS, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ orúkọ tẹ́ ẹ ní sí i, á sọ fún yín bóyá òun ni wọ́n ṣì ń lò, á sì fi orúkọ àkọ́kọ́ hàn yín. Ẹ kọ gbogbo orúkọ àtijọ́ sílẹ̀, torí tó bá jẹ́ Alitta nìkan lẹ fi ń wá ìwé kiri, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n kọ lábẹ́ Nereis virens àti Neanthes virens, orúkọ àtijọ́ ẹ̀ mìíràn, á bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Tẹ́ ẹ bá ní ekòló lọ́wọ́ tí ẹ̀rí ò sì tó, ẹ kọ Alitta sp., ìyẹn ni pé ẹ mọ genus ẹ̀ àmọ́ ẹ ò mọ species ẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Lẹ́yìn tí epo dà sómi ní West Falmouth, Massachusetts, lọ́dún 1969, ekòló kan tí wọ́n ń pè ní Capitella capitata ló bo ibẹ̀, àfìgbà tí àwọn olùwádìí méjì, Grassle àti Grassle, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1976 pé ó kéré tán species mẹ́fà ló fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yẹn. Torí náà ẹ ya fọ́tò orí, ẹnu àti ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i àti ọjọ́ tẹ́ ẹ rí i, kẹ́ ẹ wá fi ekòló náà sínú ethanol, kì í ṣe formalin o, formalin máa ń ba DNA jẹ́, ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la ò ní rí nǹkan tó dáa mú níbẹ̀.