Bí Mo Ṣe Kọ Ìwé Ìrántí Àwọn Olóògbé Àdúgbò Wa ní Abẹ́òkúta

Ní ìpàdé tó máa ń kẹ́yìn ọdún, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa ní Ìtòkú máa ń ka orúkọ àwọn tó jáde láyé láàárín ọdún náà. Akọ̀wé á ka orúkọ, gbogbo wa á dìde dúró, wọn á ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, a ó jókòó, ọ̀rọ̀ owó ọlọ́dẹ àti owó tiransífọ́mà á sì bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí nǹkan yìí ti ń dùn mí. Ìyá tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìdajì àwọn tó jókòó síbẹ̀ bọ́ sí nígbà tí wọ́n bí wọn, orúkọ lásán ni wọ́n pè, ó parí. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé, mo bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ìtàn ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ojú ìwé kan, ká sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé pẹlẹbẹ. Wọ́n gbà. Àwọn ará àdúgbò mìíràn ti ń béèrè bí a ṣe ṣe é, ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí.

Orúkọ ni mo kọ́kọ́ wá jọ. Ìwé ẹgbẹ́ kò tó, torí àwọn onílé nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ayálégbé lè kú kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ sílẹ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọ, mo lọ sọ́dọ̀ ládàánì tó máa ń kéde òkú nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí, mo sì lọ bá àwọn ìyá ẹgbẹ́ aláṣọ nínú ọjà. Àwọn ìyá yìí ni àkọsílẹ̀ wọn péye jù, torí wọ́n máa ń dáwó ìsìnkú fún ara wọn, wọ́n sì ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n bá dá a fún. Àwọn kan kú sí Èkó lọ́dọ̀ ọmọ, ìlú òyìnbó ni wọ́n sì sin ẹlòmíràn sí. Mo kọ gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti bá wa gbé pẹ́, tiwa ni, ibi yòówù kí wọ́n sin ín sí.

Èèyàn kì í kó bírò àti ìwé wọ ilé ọ̀fọ̀. Ní ilé Mùsùlùmí, mo dúró kí wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, mo sì jẹ́ kí ogójì ọjọ́ kọjá. Ní ilé Kristẹni, mo jẹ́ kí wọ́n ṣe ìsìn ìdúpẹ́ tán, kí àlejò kúrò nílẹ̀. Baálé ilé ni mo máa ń kọ́kọ́ rí, kì í ṣe ọmọ tó lówó jù lọ. Mà á kúnlẹ̀, mà á ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, bàbá. Ẹ̀yìn wọn á dára." Lẹ́yìn náà ni mà á sọ ohun tó gbé mi wá, mà á sì ṣèlérí pé ohunkóhun tí mo bá kọ, etí wọn ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ìlérí yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n fún mi láàga jókòó. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n pé owó ni mo wá gbà, tàbí pé mo fẹ́ tú àṣírí ilé síta.

Ilé tí mo bá dé, ìwé ìsìnkú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Bébà tó ń dán, fọ́tò tó rẹwà, ilé ìwé tí olóògbé lọ, oyè tó jẹ nínú ìjọ, iye ọmọ àti ọmọ-ọmọ, àwọn tó wà l'Amẹ́ríkà nínú wọn. Ó dáa, mo dúpẹ́, mo sì kà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka mẹ́wàá, gbogbo wọn ń jọra: akíkanjú, olùfẹ́ Ọlọ́run, ìyá rere. Kò sí èyí tó sọ ohun tí àdúgbò pàdánù. Nítorí náà mi ò béèrè irú èèyàn tí olóògbé jẹ́. Ohun tí mò ń béèrè ni pé: bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe?

Ọmọbìnrin ìyá aláró kan dá mi lóhùn kíá. "Màmá? Kí wọ́n tó bọ́jú ni wọ́n ti máa ń lọ yọjú wo aró." Ló bá mú mi dé ẹ̀yìnkùlé. Ìkòkò ńlá méjì ṣì wà níbẹ̀, wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀ dé ìdajì, ẹnu wọn ti dúdú. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìyá yìí ń ṣe. Wọ́n á se láfún títí á fi ki, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ ya iṣẹ́ sára aṣọ funfun, wọ́n á sá a kó gbẹ kí wọ́n tó máa rì í bọ inú aró léraléra. Bí wọ́n bá wá ha ẹ̀kọ náà kúrò, ibi tó bò kò ní mu aró. Àwọn ọkùnrin ló máa ń gé páànù fún àwòrán onípáànù, ṣùgbọ́n ìyá kò gba páànù. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń yà á. Wọn kì í fi rúlà fa ìlà. Wọ́n á ká aṣọ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó fi ojú ìlà sílẹ̀, ojú ìlà yẹn ni wọ́n á tẹ̀ lé. Ìyẹ́ tí wọ́n lò kẹ́yìn ṣì wà nínú kọ́ọ̀bù tánganran lórí fèrèsé, láfún ti gan mọ́ ọn lẹ́nu. Kò sí ìkankan nínú èyí nínú ìwé ìsìnkú wọn. "Oníṣòwò pàtàkì" ni wọ́n pè wọ́n níbẹ̀.

Láti ẹ̀yìnkùlé yẹn ni mo ti bọ́ sí ọjà, sọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Púpọ̀ nínú wọn ti bọ́ sídìí àdìrẹ alábẹ́là, torí ó yá ju ẹlẹ́kọ lọ. Wọ́n ní ìyá kì í gba owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tí kò ní bàbá, àti pé ẹni tó bá ba aṣọ jẹ́, ìyá á ra aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì ní kó tún òmíràn ṣe. Àwọn ọmọ ìyá fúnra wọn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá kúrò nílé olóògbé, mo máa ń lọ bá oníbàárà wọn, alábàágbé wọn, àti ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Ẹbí mọ bàbá àti ìyá. Àdúgbò ló mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ wọn ṣe.

Ọjọ́ ìbí ló gba sùúrù jù. Ìwé ìsìnkú á kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún ketekete, ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè ibi tí wọ́n ti rí i, wọ́n á ní ìwé ìbúra tí bàbá lọ ṣe ní kóòtù nígbà tó ń wáṣẹ́ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú ni àwọn àgbà wa fi ń mọ ọjọ́ orí. Nítorí náà mo kọ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ sínú ìwé kékeré kan tí mò ń gbé kiri: Ogun Hitler, 1939 sí 1945. Ìgbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú, 1947. Ìgbà tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní January 1949, àti ìgbà tí ó padà dé ní December 1950. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀, January 1955. Òmìnira, 1960. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún, 2 April 1972. Pọ́n-ùn tó di náírà, January 1973. Ìdásílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn, February 1976. Mà á wá béèrè: nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀, ṣé wọ́n ti ń lọ odò? Ṣé wọ́n ti lọ́kọ? Ọmọ wo ló wà lẹ́yìn wọn?

Ìyá aláró ti sọ fún àwọn ọmọ pé nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá sun ìta ààfin Aké mọ́jú nítorí owó orí ní 1947, tí Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, òun ló ru ẹ̀kọ lọ fún ìyá òun, òun kò sì fọwọ́ di igbá mú. Àwọn àgbà tó jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ní ọmọ tó lè ru igbá báyẹn dé Aké, á ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyẹn ni pé nǹkan bí 1937 ni wọ́n bí ìyá, bẹ́ẹ̀ pósítà tó wà lára ògiri sọ pé ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni. Àkọ́bí kò fẹ́ kí n dín ọdún kù. Mi ò bá a jà. Mo kọ ìtàn igbá, mo fi nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹni tó bá lè ṣírò á ṣírò ó, èmi sì rò pé ìtàn igbá níye lórí ju nọ́ńbà lọ.

Bàbá relùwéè náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, wọ́n ní kí bàbá na ọwọ́ kọjá lórí kí wọ́n fi kan etí kejì, ọwọ́ kò tó o. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó gbà wọ́n wọlé. Ẹ̀gbọ́n wọn ló sọ ọ́, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ ṣe é hàn mí. Relùwéè tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, Láfẹ́nwá ló gbà kọjá, ibẹ̀ ni bàbá ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ẹbí sọ ti iṣẹ́ yẹn dáadáa. Ohun tí wọn kò sọ ni pé bàbá yìí ló ń kọ lẹ́tà fún gbogbo ìyá àdúgbò tí kò mọ̀wé, tí ọmọ wọn wà ní Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì, títí fóònù alágbèéká fi dé ní 2001. Ìyá kan tó ti dàgbà gan-an sọ fún mi pé, "Wọ́n á ka ohun tí mo ní kí wọ́n kọ padà sí mi létí. Tí mo bá ti bú ọmọ jù, wọ́n á ní, 'Ìyá, ṣé ká yọ ibí yìí?' Mà á ní kí wọ́n yọ ọ́." Mo fi ọ̀rọ̀ ìyá yìí sínú ìwé gẹ́gẹ́ bó ṣe ti ẹnu wọn jáde.

Mo béèrè oríkì ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ. Àwọn ọmọ ò mọ̀ ọ́n mọ́, àfi kéèyàn wá ẹ̀gbọ́n tàbí ẹlẹgbẹ́ olóògbé. Ìyá ẹlẹ́wà tó yá yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ọmọ Kétu ni, lórílẹ̀-èdè Benin. Kò sí ẹni tó mọ orílẹ̀ wọn níhìn-ín. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn nínú ọjà ló wá nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n wọn kàn. Bàbá yẹn ki ìyá náà pẹ̀lú ohùn tó ń gbọ̀n, wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo sì jókòó tì í títí mo fi kọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́kadà tí jàǹbá mú lọ ló wúwo jù. Ìyá àti bàbá rẹ̀ wà láyé. Àwọn àgbà ní òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í ka irú orúkọ bẹ́ẹ̀ níwájú òbí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́, á dà bí ẹni pé kò bá wa gbé rí. Mi ò lọ bá ìyá rẹ̀ fúnra mi. Àbúrò ìyá náà ni mo rán. Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni pé, "Kó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má kà á lójú mi." Mo lọ sí ibùdó àwọn ọlọ́kadà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ pé ó máa ń gbé aboyún lọ sílé ìwòsàn lóru láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì gbé ọ̀já kan jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Tirẹ̀ ni. Bó bá gbé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ sílé ìwé, ọ̀já yìí ló fi máa ń so ọmọ mọ́ra, kí oorun má baà gbé e ṣubú. Ojú ìwé rẹ̀ ló gùn jù nínú ìwé náà, èmi ni mo sì jẹ́ kó gùn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, mo padà sílé kọ̀ọ̀kan lọ kà á sókè. Ní ilé kan, ìwé ìsìnkú ti yọ ìyàwó kejì kúrò pátápátá. Èmi kọ ìyàwó méjèèjì, torí gbogbo òpópónà ló rí ẹni tó ń gbé bàbá sóòrùn nígbà àìsàn. Àgbà ọmọ fárí gá. Baálé ilé gbọ́ tẹnu gbogbo wa, wọ́n ní, "Ẹ kọ wọ́n sí i. Ìyàwó ilé yìí ni." Àìsàn tó pa olóògbé, gbèsè àti ẹjọ́ ilẹ̀, mi ò kọ wọ́n, ẹ̀tọ́ ẹbí nìyẹn.

Mo takú pé Yorùbá la máa fi tẹ̀ ẹ́. Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní 1859, ní èdè Yorùbá, kò sì yẹ kó jẹ́ òyìnbó la ó fi sọ ìtàn ìyá aláró fún àwọn tó ra aṣọ lọ́wọ́ wọn. Mo jókòó ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà títí àmì ohùn fi pé lórí orúkọ àti oríkì gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ ìpàdé, àwa mélòó kan pín in kà. Ti ọmọ ọlọ́kadà, ní ibùdó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ la ti kà á láàárọ̀. Nínú gbọ̀ngán, bí a bá ti ka ẹnì kan tán, ẹlòmíràn á dìde fi ohun tó mọ̀ kún un, mo sì ń kọ ọ́ sí etí ìwé. Ọ̀rọ̀ tiransífọ́mà di ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹbí kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mo fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò ní méjì, ìyókù wà lọ́wọ́ akápò. Ohun tí wọ́n fi kún un á wọ inú èyí tí a ó tún tẹ̀, ẹni tó bá sì ní fọ́tò tó dáa ju èyí tí a lò lọ, kó mú un wá kí oṣù tó parí.