Bí mo ṣe ṣètò omi orí òkè Colorado fún ọdún kan

Níbi tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa omi ní Fort Collins, wọ́n ní kí a ṣètò omi Colorado-Big Thompson, iṣẹ́ tó ń gbé omi gba abẹ́ òkè kọjá ní ìpínlẹ̀ Colorado l'Amẹ́ríkà, fún odindi ọdún kan: èló la máa fi pamọ́, èló la máa tú sílẹ̀, oṣù wo? Ìwọ̀ oòrùn òkè Rocky ni yìnyín ti ń pọ̀, ìlà oòrùn ni oko àti ìlú wà. Adams Tunnel, ihò abẹ́ òkè tó gùn tó kìlómítà 21, ni omi ń gbà kọjá láti 1947.

Kí n tó wo yìnyín rárá, ihò yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣírò. Adágún Granby lápá ìwọ̀ oòrùn gba nǹkan bí 540,000 acre-foot (omi tó bo éékà kan, tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ni acre-foot kan). Àmọ́ ihò náà ò lè gbé ju nǹkan bí 1,090 lọ lójúmọ́. Àkèrègbè ńlá ni Granby, ọrùn rẹ̀ ló tín-ín-rín. Horsetooth, ọ̀kan lára àwọn adágún tó ń gba omi náà lápá ìlà oòrùn, nìkan gba nǹkan bí 156,000: bó bá ṣófo, ó máa sún mọ́ oṣù márùn-ún kó tó kún, Carter Lake, adágún mìíràn níbẹ̀, ṣì ń dúró. Nítorí náà, omi tí àgbẹ̀ máa fi bomi rin oko lóṣù keje, inú òtútù la ti ń gbé e wá. Mo tún yọ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe ihò.

Ibi tó le gan-an nìyí. Bí mo bá tètè kún Horsetooth àti Carter, tí yìnyín wá yọ́ lóṣù karùn-ún àti ìkẹfà, kò ní síbi tí ihò máa da omi sí. Granby á kún àkúnwọ́sílẹ̀ bíi ti 2011, omi ọ̀hún á bá odò Colorado lọ. Bí mo bá sì fi falẹ̀, omi ò ní tó nígbà ooru. Mo bá jẹ́ kí méjèèjì sún mọ́ kíkún níparí oṣù karùn-ún. Grand Lake, tí omi ń gbà wọnú ihò, kò ṣeé fi pamọ́ sí: òfin ò fẹ́ kí ojú omi rẹ̀ lọ sókè sódò. Òdo ni mo kọ síbẹ̀ látòkè délẹ̀.

Lóṣù kẹrin ni ìgbìmọ̀ Northern Water, àjọ tó ń pín omi náà, ń kéde ìdá tí olómi máa gbà nínú ẹ̀tọ́ 310,000 acre-foot tó wà nílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní, “Yìnyín pọ̀ lọ́dún yìí, bù fún wọn dáadáa!” Mo ní rárá o. Bí yìnyín bá pọ̀, odò Poudre àti Big Thompson fúnra wọn á tó àgbẹ̀ lò. Ọdún ọ̀dá ni omi òkè wúlò jù. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni mo mú, ìyẹn 217,000. Mo fi díẹ̀ sí oṣù karùn-ún, mo kó èyí tó pọ̀ jù sí oṣù keje àti ìkẹjọ, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ sí Granby de ọdún tó ń bọ̀.