Géèmù Ń Fà Lórí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́: Níbo Ló Ti Há?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gbá géèmù: processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Core i5-7400, káàdì àwòrán GTX 1060 6GB, RAM (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ sí) 8GB, háàdì dísìkì àtijọ́. Bí mo bá tan GTA V, á lọ geere fún bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Ẹnì kan ní kí n ra káàdì tuntun. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Fi owó rẹ sápò ná, àbúrò. Bí afárá bá há, fífẹ títì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò lè lé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ. Kọ́kọ́ pa V-Sync (ohun tó ń mú géèmù bá síkírínì rìn) nínú géèmù, torí òun ló ń dá FPS, iye àwòrán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, dúró sí 60 lórí síkírínì 60 Hz, á wá dà bíi pé káàdì ń ṣọ̀lẹ. Tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀ kí Task Manager ṣí, kí o wọ Performance. Bí GPU (káàdì yẹn) bá ń lu 97 sí 99%, káàdì ló ti lo gbogbo agbára rẹ̀. Bó bá wà ní 50 tàbí 60%, ńṣe ló káwọ́ lẹ́rán, tó ń dúró de ẹlòmíràn.

Ìbéèrè: GPU wà ní 55%, CPU, ìyẹn processor, ní 82%. Kò sí èyí tó dé 100%!

Ìdáhùn: Ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn. Mẹ́rin ni core (òṣìṣẹ́ inú processor) inú i5-7400. 82% yẹn ni gbogbo wọn pa pọ̀. Ọ̀kan lè ti kún dẹ́nu kí àwọn yòókù má tíì kún. Sọ resolution (bí àwòrán ṣe mọ́ tó) kalẹ̀ láti 1080 sí 720: bí FPS ò bá gòkè, káàdì kọ́.

Ṣùgbọ́n ogún ìṣẹ́jú yẹn ló ń jà mí lọ́kàn. Processor tí kò lágbára tó, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò ti máa fà. Wo Speed lójú ewé CPU. 3.0 sí 3.5 GHz ló yẹ kó wà. Bí ó bá wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí géèmù ń fà, fi HWiNFO (ètò tó ń fi ooru inú kọ̀ǹpútà hàn) wo ooru rẹ̀.

Ìbéèrè: Háà! 3.3 ló fi bẹ̀rẹ̀, ó já sí 1.6. Ooru rẹ̀ 100°C. Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, eruku abẹ́ fáànù ti dì bí òwú.

Ìdáhùn: A ti rí i. Bí processor yẹn bá ti dé 100°C, òun fúnra rẹ̀ ló ń dín eré kù kó má baà jóná. Pa á, yọ wáyà iná. Fi ìka di fáànù mú kó má yí, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku náà. Tú fáànù náà, nu thermal paste (ọ̀dà tó ń gbé ooru kúrò lára processor) tó ti gbẹ kúrò, fi tuntun tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan sórí processor. Ẹsẹ̀ rọ́bà mẹ́rin ló di fáànù Intel mú: tẹ̀ wọ́n wọlé ní igun-sí-igun títí wàá fi gbọ́ “kọ́”. Èmi gbàgbé ọ̀kan rí, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń bú Windows.

Ìbéèrè: Ó ti dúró sí 3.3, 71°C! Àmọ́ bí mo bá sáré wọ ìgboro, ó ṣì ń já díẹ̀.

Ìdáhùn: RAM àti háàdì dísìkì nìyẹn. Wo Slots used lójú ewé Memory. Bó bá jẹ́ 1, ra 8GB DDR4 kan kún un, kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí owó bá ṣẹ́ kù, ra SSD (dísìkì tó yára ju háàdì dísìkì lọ), kí o kó géèmù náà sórí rẹ̀.